Wọ́n Ní Ilé Wa Ò Tíì Dàgbà

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó sọ pé mo ń pariwo. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun nísàlẹ̀ ilé wa, mo bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n máa wó ilé wa ní ọ̀sẹ̀ méjì òní, nítorí pé ilé náà kò ní ìtàn.

Kò ní ìtàn! Ilé alájà méjì, ní àárín gbùngbùn ìgboro! Yàrá òkè rẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ti jẹ wọnú láàárín nítorí ẹsẹ̀ ìdílé kan ṣoṣo. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ìtàn, kí ni wọ́n ń pè ní ìtàn?

Òfin tuntun ni ìjọba ìlú gbé dé. Ilé tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún ní òpópónà wa, ilé ìtàn ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn á wó o palẹ̀, wọn á fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tí wọ́n rán wá wo ọjọ́ orí ilé ni ọkùnrin kan tó gbá fáìlì mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun. Kó tó dé ilé kẹta, a ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Fáìlì. Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: kì í wọlé, kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọdún tó bá rí tí wọ́n kọ sókè níwájú ilé, òun náà ló ń kọ sínú ìwé, ó parí.

1987 ló wà níwájú ilé wa. Ìyá mi ló sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Arẹ́lé ni ìyá mi, ẹfun ló fi ń rẹ́ ara ògiri ilé. Ọwọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ náà nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìwé náà lọ́wọ́, ó bá Ọ̀gá Fáìlì lójú títì.

"Ọmọ mi, ìwọ lo kọ èyí?"

"Àwa ni, Màmá. Ẹ má bínú. Ilé yín ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ọdún tí mo rẹ́ ẹ nìyẹn! Arẹ́lé tó bá parí iwájú ilé, ọdún tó parí iṣẹ́ ló ń kọ sókè. Gbogbo arẹ́lé ìgboro yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ọjọ́ tí o ra ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ yẹn ni wọ́n bí ọ?"

"Màmá, ohun tó wà lára ògiri ni mo ń kọ."

Aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì fún yín. Ó wà ní òdìkejì títì, dígí látòkè délẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ọ, ojú wa ló ṣe. Ariwo ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Mo fá gbogbo orí fún ọkùnrin kan tó ní kí n kàn tún irùngbọ̀n òun ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ kí ilé òun dà bí àgbà, ó ní kí wọ́n kọ 1902 síwájú rẹ̀, gàdàgbà-gadagba, àwọ̀ wúrà. Kí ni Ọ̀gá Fáìlì kọ sínú ìwé? Ilé ìtàn!

"Ilé 1902 tó ní ẹ̀rọ agbénigòkè mẹ́ta!" ni aránbàtà ń lọgun.

"Ohun tó wà lára ògiri ni mo ń kọ."

Ìyá mi gbójú sókè wo 1987. Mo mọ ohun tó ń rò. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wó ilé lé wa lórí.

"Gbé àkàbà wá," ó ní.

"Màmá, ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ jẹ́ kí n gùn ún."

"Ìwọ? Orí lo mọ̀ ọ́n fá. Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Ó gòkè, ó fi irin ha ọdún tirẹ̀. 1987 bọ́ sílẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gbogbo òpópónà na ọrùn. Abẹ́ rẹ̀ funfun báláú, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá Fáìlì pa fáìlì dé. Aránbàtà ṣí fìlà lórí. Mo na ọrùn tèmi náà, àkàbà fẹ́ yẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí bí ẹni tó ń sin òkú," ìyá mi ké látòkè, "ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ ni? Arẹ́lé kì í ha ọdún ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dànù. Ẹfun la fi ń bò ó."

Ó tún ha á. 1951 yọjú, pẹ̀lú 9 tó gùn lọ́rùn, bí bàbá bàbá mi ṣe máa ń kọ ọ́. Ó sún irin sápá kan, ó tún jin sí i: 1926. Ó tún jin sí i. Àwọn èèyàn ti ń kà á lọ́wọ́ lọ́wọ́, ọlọ́kọ̀ ti dúró láàárín títì: 1904!

"Kọ ọ́!" ni gbogbo wa pa pọ̀ ké. "Ṣebí ara ògiri ló wà!"

Ọ̀gá Fáìlì kọ ọ́. A jó. Àwọn oníwèé ìròyìn wá yàwòrán. Mo gẹrun fún èèyàn mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì fá orí ẹnikẹ́ni ní àṣìṣe.

Lọ́jọ́bọ̀, ìwé mìíràn dé.

Wọ́n kí wa kú oríire. Ilé wa ti di ilé ìtàn onípò kìíní. Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kó jáde kí oṣù tó parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná níbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gẹrun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn. Hòtẹ́ẹ̀lì òdìkejì ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí àwọn àlejò wọn lè máa wọlé wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé láyé àtijọ́.

Láyé àtijọ́! Èmi tí mo fọ eyín níbẹ̀ láàárọ̀! Ẹ̀yin èèyàn, nígbà tí ilé wa jẹ́ ọmọdé, wọ́n ní ká jáde. Ó wá dàgbà tán, wọ́n tún ní ká jáde. Ọjọ́ orí wo gan-an ló wá tẹ́ wọn lọ́rùn?

Mo fẹ́ lọ fọ́ dígí hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá mi ní kí n jókòó. Ó gbé àga síwájú ilé, ó ń mu tíì.

Ibi tí ìyá mi ha lára ògiri ṣì là sílẹ̀, òjò sì ti ń ṣú. Ọ̀gá Fáìlì kó birikilà méjì wá pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọdún náà kí omi má baà wọlé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, ó já lulẹ̀. Wọ́n tún un lẹ̀, ó já lé bàtà Ọ̀gá Fáìlì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni ìyá mi wí, ó tún mu tíì.

"Màmá, kí ló dé tí kò dì mú?"

"Sìmẹ́ǹtì le ju ògiri yẹn lọ. Ẹfun ló mọ̀ ọ́n, ẹfun tí mo ti rẹ sómi láti èṣí. Bí omi bá sì wọ ibẹ̀ lónìí, gbogbo iwájú ilé ń bọ̀ nílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rẹ́ ẹ! Gbogbo ìlú ló ti rí i nínú ìwé ìròyìn!"

"Ta ni kó rẹ́ ẹ? Ará ayé àtijọ́ ni mí. Pa ìlà tó ní ká jáde rẹ́, pa ti hòtẹ́ẹ̀lì rẹ́, kí o buwọ́ lù ú."

"Alága ìjọba ìlú nìkan ló lè ṣe é, Màmá. Ó máa tó oṣù kan."

"Kò burú. Bá mi sọ fún òjò kó dúró de alága."

Òjò kán lé fáìlì. Ó kán lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá Fáìlì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Alága kì í ka nǹkan kan. Èmi ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀, èmi náà ni mò ń buwọ́ lù ú." Ó yọ òǹtẹ̀ nínú àpò.

Inú àpò! Láti ọjọ́ Ajé! Ó gbé ilé wa sínú àpò ṣòkòtò kiri ìgboro, ó ń sọ fún wa pé ògiri ló ń sọ̀rọ̀!

Ó pa ìlà méjèèjì rẹ́, ó tẹ òǹtẹ̀. Ìyá mi ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà kí aránbàtà gbọ́. Ìgbà yẹn ló tó gbé ife tíì sílẹ̀, tó di gèlè rẹ̀ le, tó dojú kọ ọ̀gá.

"Bọ́ kóòtù. Ta lo rò pé ó máa gbé ẹfun?"

A ta tapólì bo iwájú ilé. Ọ̀gá Fáìlì gun àkàbà tẹ̀lé e, ẹfun dé ìgbúnwọ́, òjò ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Inú mi ò sì rọ̀ rárá. Mo la ẹnu láti da gbogbo ohun tó wà níkùn mi lé e lórí.

"Má bá a sọ nǹkan kan o," ìyá mi wí látòkè. "Jẹ́ kó gbé bùkẹ́ẹ̀tì kejì wá ná, kó tó rántí pé ọ̀gá lòun."