Kuta Tó Wá Tọrọ Òrí

Báyọ̀, dúró ná, má tíì ti ọkọ̀ sómi. Jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ.

Èmi àti ìwọ la wà lójú òkun, nínú ọyẹ́ yìí náà. Kùrukùru bo ibi gbogbo débi pé mi ò rí imú ọkọ̀ wa. A ń da àwọ̀n, omi lásán ló ń gbé wá, bó ṣe ń ṣe wá láti ìjẹta. Àfi bí kuta kan ṣe yọrí láti inú omi. Ètè rẹ̀ ti là yánnayànna. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ fún mi ní òrí díẹ̀."

Òrí ìyàwó mi sì wà lápò mi. Má bi mí bó ṣe débẹ̀. Mo fi pa á létè. Kí n tó mọ̀, àwọn ẹja yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀ bí èrò ọsibítù. Ìwọ ń pariwo, "Da àwọ̀n bò wọ́n, ọ̀gbẹ́ni!" Mo ní kó o ní sùúrù, ó ku ẹyọ kan tí mi ò tíì fi òrí pa létè. Kuta yẹn wá rọra sọ fún mi pé, "Òkè omi ti tutù jù. Ìsàlẹ̀ la wà." Ló bá rì lọ.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo jí. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, àmọ́ mo ti so òjé kún ẹsẹ̀ àwọ̀n kó lè rì dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: bí kuta bá kó sí i lónìí, ìwọ ni kó o yọ ọ́. Mi ò ní lè wo ètè ẹ̀.