Awò Méjì Lórí Tábìlì

Láti ìgbà tí àwọn ìyá àgùntàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ní ìrúwé ọdún yẹn ni kóyótì kan ti ń pa wọ́n lọ́mọ jẹ. Ó kéré sí ìkookò, ó gbọ́n ju ajá lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó sì máa ń wá. Bí mo bá gbé kọfí mi jáde, ohun tí n ó bá ni ìyá kan tó ń ké kiri pápá, tí ọmú rẹ̀ kún, tí kò rẹ́ni mu ún.

Merle ọkọ mi ló máa ń bójú tó irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti sin Merle nígbà ìkórè, ìbọn rẹ̀ sì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Mo mọ ìbọn yìn. Bàbá mi ló kọ́ mi. Òkùnkùn ni n kò mọ bí a ṣe ń ríran nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àwọn sísítà kọ́ wa nípa olùṣọ́-àgùntàn rere ní ilé-ẹ̀kọ́ mísọ́nnì, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ irú awò tó fi ń ríran lóru.

Orrin, ẹ̀gbọ́n Merle, ti bá mi sọ̀rọ̀ láìfi bò.

"Verna, ta agbo yìí. Wá ilé kékeré kan sí ìgboro. Bí ẹranko yẹn bá ń jẹ wọ́n báyìí, kí ni o máa rí tà nígbà tí ewé bá ń wọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, Orrin."

N kò fẹ́ ìgboro. Igbe àgùntàn ni ohùn kan ṣoṣo tó kù tí ń jí mi láràárọ̀. Bí mo bá ta agbo, kí ni yóò máa jí mi?

Mo lọ sọ́dọ̀ Twyla. Ìbọn, okùn, oògùn ẹran àti bàtà òjò ni ó ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, a sì ti jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láti kékeré.

"Awò òru ni mo fẹ́," ni mo wí. "Èyí tí kò wọ́n."

"Èyí tí kò wọ́n!" Twyla bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́dọ̀ tèmi, èyí tó wọ́n wà, èyí tó wọ́n gan-an wà, èyí tó máa jẹ́ kó o ta ilẹ̀ rẹ náà wà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó dárúkọ nọ́ńbà, ó dárúkọ ìwọ̀n gíláàsì, ó sọ iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ń mi orí bí ọmọ iléèwé tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò gbọ́ nǹkan kan, ó fà mí wọ yàrá oúnjẹ ẹran lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pa iná, ó kó awò méjì lé mi lọ́wọ́.

Èkíní ni owó rẹ̀ rọjú. Ó ní iná tirẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, ó sì sọ òkùnkùn di ọ̀sán eléérú, bí fọ́tò àtijọ́. Mo rí àpò ọkà, mo rí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara àpò. Èkejì kò bìkítà fún iná. Ooru ara ni ó ń rí. Ẹnì kan ti lò ó rí, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì èkíní lọ. Nínú rẹ̀, Twyla di nǹkan funfun báláú tó ń mira.

"Báwo ni mo ṣe rí? Ṣé mo rẹwà?"

"O ò lójú."

"Ohun tí ọkọ mi àkọ́kọ́ máa ń sọ náà nìyẹn," ni ó wí. "Ó yá, kó méjèèjì lọ. Kó o dá ọ̀kan padà lọ́jọ́ Ajé. Bí o bá ju ọ̀kan sínú omi tí ẹran ń mu, o ti rà á nìyẹn o."

Báyìí ni awò méjì ṣe dé orí tábìlì ìjẹun mi. Orrin wá, ó fọwọ́ ti èyí tó rọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ti àwo ọbẹ̀ tó kan.

"Ohun ìṣeré ọmọdé nìyí. Kò lè ríran ju ìdajì pápá lọ. Ti ooru ni kó o rà, kó o sì rántí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ àgùntàn tuntun, irun ẹ̀ fẹ́lẹ́, gbogbo ara ẹ̀ ló máa funfun. Kóyótì nípọn nírun. Orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa funfun, àárín ẹ̀ á ṣú. Ohun kékeré yòówù tí àárín ẹ̀ bá ti ṣú, yìn ín níbọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń dá a mọ̀."

Ó de awò ooru náà mọ́ ìbọn, ó yìn ín sí pákó lẹ́ẹ̀mélòó kan títí ọta fi ń bọ́ síbi tó yẹ, ó sì lọ sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo mú ọmọ àgùntàn tí kóyótì ti pa ní òwúrọ̀, mo bó awọ rẹ̀, mo sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ òrukàn kan tí ìyá rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo wa níhìn-ín là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ojú ihò jáde, mo fi okùn dè é lábẹ́ ikùn, mo fi ìrù òkú sílẹ̀ sórí ìrù alààyè, nítorí ibẹ̀ ni ìyá máa ń gbóòórùn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú gbóòórùn rẹ̀ títí, ó dákẹ́ igbe, ó sì jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn mu ọmú. Nítorí pé inú abà ti kún, mo dá àwọn méjèèjì padà sáàárín àwọn yòókù ní pápá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo gbé ìbọn, mo so awò tó rọjú mọ́ ọrùn, mo lọ dùbúlẹ̀ sórí òkè kékeré tó kọjú sí pápá. Mo wo inú awò ooru. Òtítọ́ ni Orrin sọ: àwọn ọmọ àgùntàn funfun bí àtùpà. Mo ń wò wọ́n lọ, títí mo fi kan ọ̀kan tí orí rẹ̀ funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, tí àárín rẹ̀ ṣú. Ó ti ki orí bọ abẹ́ ìyá kan. Ó ń fà.

Ọmú ni ó ń jẹ, ni mo wí nínú ara mi. Ó ń jẹ ọmú ìyá náà lóòyẹ̀. Mo fi ìka síbi tí a ń fà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìyá náà kò sá? Kí ló dé tí kò ké? Ó yí ọrùn padà, ó fi imú kan ìdí ẹranko náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò mọ ohun tí mo ń wò mọ́. Orrin ní kí n yìn, ìyá náà ní òun mọ̀ ọ́n. Mo gbé ìbọn kalẹ̀, mo gbé awò ọrùn mi sójú, mo tan iná rẹ̀ tí a kò lè rí.

Nínú eérú yẹn ni mo ti rí okùn tí èmi fúnra mi dè, àti ìrù méjì tó ń jù lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo jókòó sórí koríko tútù títí oòrùn fi là.

Orrin rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó yẹ kó o rántí pé o wọ ẹ̀wù fún un, pé awọ kejì á bo ooru ara ẹ̀."

"Ó yẹ. N kò rántí."

"Merle ò ní gbàgbé."

"Merle ò sí níbẹ̀, Orrin. Èmi ló kù."

Mo so awò tó rọjú mọ́ ìbọn dípò ti ooru, mo sì dá ti ooru padà fún Twyla. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

"Gbogbo ayé ń bẹ̀ mí fún ti ooru, ìwọ ń dá a padà?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń yìnbọn sí."

"Èyí tó kù ò ríran jìnnà, Verna. Àfi kí ẹranko náà sún mọ́ ẹ gan-an."

"Mo mọ̀."

Ìyẹn gan-an ni ó dẹ́rù bà mí. Ní òwúrọ̀ kùtù tó tẹ̀ lé e, ojú méjì yọ nínú awò náà, ní ìkángun pápá, wọ́n ń tàn, kò sí ara lẹ́yìn wọn. Bí mo bá yìn, ó lè jẹ́ ajá aládùúgbò. Bí n kò bá yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àgùntàn ni yóò gbé lọ. Mo dúró. Ojú méjì náà ń bọ̀. Mo gbọ́ tí ìyá kan fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀síbẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run láìmọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún. Nígbà náà ni etí yọ, lẹ́yìn náà imú tó tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ìrù tó rọ̀ sílẹ̀ bí ti kóyótì. Mo yìn ín níbọn.

Orrin gbọ́ ìró ìbọn láti ilé rẹ̀, ó wa ọkọ̀ wá. Ó fi ẹsẹ̀ yí òkú ẹranko náà padà.

"Ṣé òun nìyí?"

"N kò mọ̀."

"Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ àbúrò ẹ̀ tó wá kí i."

Lóòótọ́, títí di òní n kò mọ̀ bóyá òun ni. Orrin wo agbo tó ń jẹ koríko lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó ṣí ẹ̀yìn awò ara rẹ̀, ó wo inú.

"Bátìrì kékeré ló ń lò," ni ó wí. "Ra púpọ̀ pamọ́. Òtútù máa ń pa wọ́n kíákíá, ìgbà òtútù ibí yìí sì gùn."