Ẹsẹ̀ Eléhàá

Ẹ má bá mi wá àwáwí. Èmi Àbdùlsàlámì, oníṣòwò aṣọ, èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ ìyàwó mi di arọ. Ìbẹ̀rù ẹnu ayé ló mú mi ṣe é.

Ọdún kejì òmìnira ni àìsàn kọlu ẹsẹ̀ òsì Ṣẹ̀fíátù, lẹ́yìn tó bí Àúdù ọmọ wa. Dókítà ní kó máa rìn láràárọ̀ nínú ọgbà ìjọba tó wà létí odò ní Kàdúná tí à ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó ní bí kò bá rìn, ẹsẹ̀ náà yóò rọ pátápátá.

Eléhàá ni Ṣẹ̀fíátù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìdílé wa ní Ìlọrin nìyẹn: obìnrin kì í jáde àfi lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, pẹ̀lú ìbòjú. Èmi ńkọ́? Láràárọ̀ ni èmi àti Ọládélé, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ń rìn yí ọgbà yẹn gan-an po kí ikùn wa má baà yọ. Ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọkùnrin ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin díẹ̀ tó ń wá kì í kúrò lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún ọmọ.

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo dúró kí oòrùn wọ̀, mo mú un lọ. Hausa tó ń ṣọ́ ọgbà ti ń ti géètì nígbà tí a débẹ̀.

"An rufe, Malam," ó ní. "Sai gobe."

Wọ́n ti tì í, ó di ọ̀la. Ọ̀la wo? Nígbà tí wọ́n bá ṣí ọgbà, ìyàwó mi kò gbọdọ̀ jáde; nígbà tó bá lè jáde, wọ́n ti tì í.

"Ẹ jẹ́ ká lọ láàárọ̀, Bàbá Àúdù," Ṣẹ̀fíátù bẹ̀ mí. "Màá bo ara mi dáadáa."

"Kí àwọn ará Ìlọrin wá máa sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ìyàwó mi ń rìn láàárín ọkùnrin? Máa rìn nínú àgbàlá."

Àgbàlá wo! Láti ẹnu kànga dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, ìkòkò àti ewúrẹ́ sì kún ibẹ̀. Ó gbìyànjú fún oṣù kan, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó jáwọ́.

"Sàlámì," Ọládélé sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "ikùn rẹ ti fà. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́?" Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni ojú mi tó là. Mo gbé e sínú ọkọ̀ Ọládélé láàárọ̀, oòrùn ń ràn, gbogbo ayé ń wò wá. Ará Ìlọrin méjì pàdé wa lẹ́nu géètì. Wọ́n kí wa, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù láti ọdún kan kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fà á dìde lórí koríko. Ẹsẹ̀ méjèèjì yẹ̀. Mo tún fà á, ó tún jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ rìn tiyín, Bàbá Àúdù. Ẹ jẹ́ kí n máa wò yín."

Mo rìn. Mo ń rìn, mo ń sunkún, n kò sì lè bojú wẹ̀yìn.