Ẹni Tí Yóò Pe Orúkọ Moróhunmúbọ̀

Dúpẹ́ọlá, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bí Moróhunmúbọ̀, ìyá rẹ̀, ṣe rò ó fún un lórí fóònù láti ìlú etí òkun tó ń gbé. Ó ní Moróhunmúbọ̀ wà lórí ìjókòó nínú ọ́fíìsì àwọn tó ń fún àlejò ní ìwé ìgbélùú. Omi òkun ti mu gbogbo àwọn tó jókòó dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìwé tí wọ́n fi ń fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì láyè láti gbé ìlú náà ló fẹ́ tún gbà. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Òun àti ọkọ rẹ̀, Bàbá Dúpẹ́, ni wọ́n jọ kó wá síbẹ̀ nígbà tí Moróhunmúbọ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ náà kú, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi ọsàn. Bí ìwé náà bá bọ́, ilé bọ́ nìyẹn. Ibojì náà yóò wá di ti àjèjì tó bá ra ilẹ̀ náà, yóò sì ṣe é bó ṣe wù ú.

Fèrèsé kan wà lára ògiri. Ilé Moróhunmúbọ̀ jìnnà sí ọ́fíìsì náà, síbẹ̀ ó ń rí i láti ibẹ̀ kedere. Bàbá Dúpẹ́ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fi ọkọ́ kékeré ro koríko orí ibojì ara rẹ̀. Ó fara balẹ̀ ṣe é, bó ti máa ń ṣe gbogbo nǹkan nígbà ayé rẹ̀.

Ọmọ ìlú náà ni ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ṣùgbọ́n èdè Igbájọ, ìlú tí wọ́n bí Moróhunmúbọ̀ sí, ló ń sọ, bí àwọn àgbà ilé ṣe ń sọ ọ́. Ó gba ọwọ́ Moróhunmúbọ̀, ó ki ìka rẹ̀ bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìwé náà funfun. Ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìka tó fi gbẹ̀bí fún obìnrin rẹpẹtẹ, tó ń fi ọṣẹ ọsibítù fọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ti dán bíi dígí.

“Ìka yín ò mọ̀ yín,” ni òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. “Ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín láti kékeré wá. Kó jẹ́rìí sí ìwà yín, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ yín.”

“Gbogbo wọn ló ti kú,” ni Moróhunmúbọ̀ wí.

“Ẹ pe èyí tó bá fẹ́ wá,” ni ọkùnrin náà wí. Fèrèsé sì kéré sí i.

Àṣàkẹ́ ló wá. Òun ni ìyàwó tí àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ wá sí agboolé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ nígbà tí Moróhunmúbọ̀ wà ní kékeré. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó fáìlì sí ló ti jáde. Ìró tí wọ́n fi sin ín ló ró, ó sì ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí bí ẹni tó ti oko dé. Ó kúnlẹ̀ sínú omi.

“Ọkọ mi! Eyínfúnjowó! Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ wo bí ẹ ṣe rù. Àbí wọn kì í jẹun nílùú yìí ni?”

“Wọ́n ń jẹun, Ìyàwó. Ẹ dìde nínú omi.”

“Kí n dìde, kí wọ́n lè sọ pé ilé wa ò kọ́ mi?”

Ọkùnrin náà gbójú sókè. “Ẹ ní opó ni yín. Obìnrin yìí ní ọkọ òun ni yín. Èwo ni ká mú níbẹ̀?”

“Ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni mí. Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń pè wá nìyẹn.”

“Ọkọ tó ró ìró!” ni òǹtẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi yí ṣubú.

Ọkùnrin náà kọjú sí Àṣàkẹ́. Ó bi í bóyá ó mọ obìnrin yìí.

“Kí ló dé tí mi ò fi ní mọ̀ wọ́n? Èmi ni mò ń dirun fún wọn. Nígbà tí èéyi mú wọn, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń sùn.”

“Ṣé ó jalè rí?”

“Ẹran inú ìkòkò mi nìkan. Ta ni kì í jí ẹran?”

“Ó dáa. Ẹ pe orúkọ rẹ̀.”

“Eyínfúnjowó.”

“Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ.”

Àṣàkẹ́ wo ilẹ̀. “Mo bá wọn nílé ni. Ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Mi ò pè é láyé mi. Ṣé ìgbà tí mo kú tán ni n ó wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́?”

Fèrèsé kò ju abọ́ ìjẹun lọ mọ́. Omi ti dé orúnkún. Moróhunmúbọ̀ tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ Àṣàkẹ́ mú, ọwọ́ náà sì tutù bí amọ̀. Ó ní, “Ìyàwó, mo bẹ̀ yín. Èmi ni mo ní kí ẹ pè é. Mo ti yọ̀ǹda fún yín.”

Àṣàkẹ́ la ẹnu láti pè é. Iyẹ̀pẹ̀ ló jáde, iyẹ̀pẹ̀ pupa ti Igbájọ, ó ń ṣàn sínú omi láìdáwọ́ dúró. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí ìjókòó ti di ìyàwó agboolé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, àwọn tó ti kú àti àwọn tí wọn kò tíì fẹ́ wọlé. Wọ́n ń wo Àṣàkẹ́, wọ́n ń mi orí.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi,” ni Àṣàkẹ́ wí nígbà tí ẹnu rẹ̀ mọ́. “Bí mo bá pè é, àwọn wọ̀nyí ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi níbi tí mo ń padà sí.”

Fèrèsé ti kéré bíi bọ́tìnì. Ojú kan ṣoṣo ni Moróhunmúbọ̀ lè fi wo ibojì náà mọ́.

“Ẹ kọ èyí tó ń pè mí,” ni ó sọ fún ọkùnrin náà. “Èmi náà ni.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Òǹtẹ̀ fò dìde fúnra rẹ̀, ó lu ìwé. Omi náà gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ sì gbẹ bí ẹni pé kò tutù rí. Moróhunmúbọ̀ padà lọ jókòó lórí ìjókòó. Ọkùnrin náà gbé ìwé sókè, ó pè é bí wọ́n ti ń pe aláìsàn tó kàn láti rí dókítà.

“Eyínfúnjowó!”

Moróhunmúbọ̀ fẹ́ dìde, ìjókòó kò jẹ́ kó dìde. Ọmọbìnrin kan ló dìde lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú fún un, òróró ṣì ń dán lójú ìpàkọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà, eyín rẹ̀ sì funfun tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn ìyàwó náà fi hó yèè. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ìwé.

“Ẹ wo ọkọ mi,” ni Àṣàkẹ́ wí, ó ń nu ojú rẹ̀. “Wọn ò yí padà rárá.” Lẹ́yìn náà ló wo Moróhunmúbọ̀ lórí ìjókòó, ó sì wò ó pẹ́. Ó bi ọkùnrin náà léèrè pé, “Ta ni màmá yìí?”

“A ò tíì mọ̀,” ni ọkùnrin náà wí.

Fèrèsé tún ti fẹ̀, ó là dé ilẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà gba ibẹ̀ kọjá lọ sínú ọgbà. Bàbá Dúpẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó sì yà fún un lọ́nà. Moróhunmúbọ̀ fẹ́ kígbe. Ó wá orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kò rí i, ó wá kígbe orúkọ kan ṣoṣo tó kù.

“Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó o!”

Ọmọbìnrin náà gbọ́. Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n pè láàárín èrò. Ó ń lọ tààrà sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé, kò sì wo ẹ̀yìn.