Pátákó Ilé Ìtọ́jú Ojú

Ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin bó ṣe ń fa aṣọ kúrò lára pátákó. Orí àkàbà ló wà, èmi wà nísàlẹ̀ láàárín èrò tó ń tira wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ojú tuntun, àmọ́ nínú gbogbo wa, èmi ló wò. Kí n tó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ti gbójú sílẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ni mo bá wo pátákó.

Lógò mi ni, àwòrán tí mo yà fún ilé náà, síbẹ̀ kì í ṣe òun. Ojú kan ni mo yà: ìlà méjì tó tẹ̀ bí ewé, tí wọ́n pàdé ní ìkángun méjèèjì, òbìrìkìtì kan wà láàárín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá bí ìlà òkè yóò ṣe tẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ rí págunpàgun, ó ṣú bàìbàì. Bàbá kan lẹ́yìn mi béèrè pé ilé ìtọ́jú ojú wo ni pátákó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wá awò ojú. Èrò bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà tó ni ilé náà, obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọ̀gá atẹ̀wé tó ṣe pátákó náà ti sọ fóun pé bí mo ṣe yà á nìyẹn. Òun á wá ẹlòmíràn fún pátákó ẹ̀ka ilé ìtọ́jú méjì tó kù, òun ò sì ní lè dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Orúkọ yẹn nìkan ni mo ní. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé lọ. Ọ̀gá náà ò tilẹ̀ dìde. Ó ní fáìlì fẹ́kítọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lòun tẹ̀, kí ọmọ àná má wá yọ òun lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n ṣí fáìlì náà kí n rí i. Ta ni mo bá nídìí kọ̀ǹpútà? Ọkùnrin orí àkàbà.

Mo gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹ́kítọ̀ kì í ṣe fọ́tò. Àmì àti ìlà ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí rẹ̀: bẹ̀rẹ̀ níbí, tẹ̀ báyìí, parí sọ́hùn-ún. O fẹ́ kó kéré bíi bọ́tìnnì, o fẹ́ kó tó ògiri, á tún ìlà náà fà ni, kò ní fọ́. Fọ́tò ní tirẹ̀, kóró àwọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò jọ. Bí o bá fà á tóbi, kóró lò ń fà tóbi. Àmì mẹ́fà ló wà nínú lógò mi. Mo tẹ èyí tó wà nínú fáìlì wọn, n ò rí ẹyọ kan. Àpótí onígun mẹ́rin kan ló yọ, fọ́tò kékeré tí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn fún wíwò lásán ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé fọ́tò sínú fáìlì fẹ́kítọ̀, wọ́n ní ó ti di fẹ́kítọ̀. Bí mo bá gbé àga sínú mọ́tò, ṣé àga ti di mọ́tò nìyẹn?

Ọ̀gá ní òun ti ń tẹ̀wé kí wọ́n tó bí mi, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Mo kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ẹ mọ̀," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Kọ̀ǹpútà wa ti gbó, fáìlì yín ò ṣí. Ọ̀gá ní kí n fi ti fóònù ṣe é."

"Ẹ sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

Ó ní wọ́n á lé òun. Mo ní èmi ńkọ́, tí wọ́n ti lé? Mo ti ilẹ̀kùn gbàgà mọ́ ọn lójú. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé títí mo fi délé, mo ṣì ń rántí pé ojú rẹ̀ dára.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé kọ̀ǹpútà mi tọ Dókítà lọ. Mo fi àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn án, mo fa ojú náà tóbi títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà, ìlà rẹ̀ ò rí págunpàgun rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni, òun ò mọ ti ta ni kóun gbà.

Ọkùnrin orí àkàbà wọlé. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àpòòwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti ká létí, bí ohun tó ti wà lápò fún ọjọ́ méjì. Ọkàn mi, tí kì í gbọ́n, ti ń kà á: olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n. Ó kọjá níwájú mi láìwò mí.

"Ọwọ́ tèmi ló ba pátákó náà jẹ́, mà," ló wí. "Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ya lógò. Ohun tí ọ̀gá mi ní kí n ṣe àti bí mo ṣe ṣe é ló wà níbẹ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i. Dókítà gbà á.