Ọgbẹ́ Inú Ìyá Nhạn

Jẹjẹrẹ ló ń ṣe Ìyá Nhạn, ṣùgbọ́n Khải ọmọ rẹ̀ kìlọ̀ fún àwa nọ́ọ̀sì pé ọgbẹ́ inú ni ká máa pè é. Bí a ṣe ń ṣe ní Huế, ní Vietnam, nìyẹn: ẹni tó bá sọ òótọ́ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn, a gbà pé òun ló pa á.

Dókítà fún un ní oògùn oníhóró tuntun kan tí yóò máa lò nílé lójoojúmọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ lè fara da ìtọ́jú. Tí aláìsàn bá dẹwọ́ lílo rẹ̀, jẹjẹrẹ á tún gbérí. Lónìí, dókítà sọ fún èmi àti Khải pé jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀.

Khải sáré wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ, èmi náà sì tẹ̀ lé e. "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Inú ò run mí mọ́ jàre. Mo ti kó o fún àbúrò mi, ọgbẹ́ inú tiẹ̀ le ju tèmi lọ."

"Háà! Ẹ ti para yín!"

"Ṣé ọgbẹ́ inú máa ń pa èèyàn ni?"

Khải yíjú sí mi. Mo ní ẹnu tó fi pe jẹjẹrẹ ní ọgbẹ́ inú náà ni kó fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn.