Ìpín Tó Wà Nídìí Ìrù

Ohùn ìyá àgbà mi ni mo ṣì máa ń gbọ́. Bí pẹ́pẹ́yẹ igbó bá ti ń pariwo lórí àbàtà láàárọ̀, yóò dúró létí omi, yóò ké sí ilẹ̀ náà: "Àwa ni o. Ọmọ yín ni wá, ebi ló ń pa wá." Ẹ̀yìn ìyẹn la tó lè sọ ìwọ̀ sómi.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo lò ní Melbourne nídìí iṣẹ́ rélùwéè kí n tó tún fojú kan Kákádù, ilẹ̀ wa ní àríwá Australia, tó ti di ọgbà ẹranko ìjọba. Mi ò sì padà bí ọmọ ilé. Bàbá mi kú, mi ò wá sìn ín, ojú ń tì mí. Mo bá àwọn àlejò wọ bọ́ọ̀sì, mo dé fìlà, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

Verna, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń mú wa kiri nínú aṣọ iṣẹ́ ọgbà ẹranko náà. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí mo lọ. Ó nawọ́ sí ọ̀nì kan tó ń yá oòrùn.

"Ẹ má fẹsẹ̀ sómi o. Bàbá yẹn ò tíì jẹun àárọ̀."

Nígbà tí a dé ìdí àpáta, ó bu omi, ó ń wọ́n ọn sórí àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ lè mọ̀ wọ́n. Ó kàn mí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. A kì í júwe ilé fún onílé."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Bẹ́ ẹ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ kọjú sómi, tẹ́ ẹ ní àwa ni o. Àlejò wo ló mọ̀yẹn? Ẹ sì jọ bàbá àgbà. Kámẹ́rà yín gan-an, ìdérí ẹ̀ ò tíì kúrò lójú ẹ̀ látàárọ̀."

Lókè orí wa ni ẹja tí bàbá mi kùn wà, funfun àti pupa, tí èèyàn ń rí eegun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé awọ rẹ̀ mọ́ bí omi.  Verna na àyà.

"Bàbá àgbà mi ló kùn ún. Ẹni tó bá lè ka ẹja yìí ti mọ òfin ilé wa. Orí, ti àgbà. Ikùn, ti ìyá ọmọ. Ẹ̀gbẹ́, ti ẹni tó pa á." Ìka rẹ̀ dé ìdí ìrù, ó dúró. "Èyí nìkan la ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ ọ́n, ó sì ti lọ sí gúúsù."

Kò wojú mi.

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo lọ òkúta pupa tó fi kùn ún. Orí mi wú títí omi fi lé ròrò lójú mi, ṣùgbọ́n mo fa fìlà bojú. Èmi tí mi ò bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ nídìí àpáta rẹ̀?

Bí bọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ ṣí, ó sún mọ́ mi. "Àwọn ọmọ ń bi mí ẹni tó ni ìdí ìrù yẹn, Bàbá. Mi ò sì ní parọ́ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ ránṣẹ́."

Nígbà tí mo padà sí Melbourne, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń mú fóònù, tí mo ń gbé e sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni mo sì ti ròyìn ẹja yẹn fún, títí kan dókítà tó ń tọ́jú orúnkún mi. Lọ́jọ́ Sunday kan mo ra ẹja, mo gé e. Nígbà tí màá fi wò, ọwọ́ mi ti gbé ìdí ìrù sínú àwo ọ̀tọ̀, láìjẹ́ pé mo rán an. Mo jókòó tì í títí ó fi tutù. Mo wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i:

"Verna, ti ẹni tó wà lájò ni. Bàbá mi máa ń gbé e pamọ́ fún un, bó ti wù kó pẹ́ tó. Sọ fún àwọn ọmọ. Kó o bá mi tọ́jú tèmi, mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."